Bí Ọdẹjìmí Ṣe Tọ Ẹ̀jẹ̀ Tí Kì Í Ṣe Ẹ̀jẹ̀ Dé Ìlú Àwọn Kási

Ẹ sún mọ́ ara yín. Ẹni tí ikọ́ bá ń rin lọ́fun, kí ó wú u tán nísinsìnyí, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò fẹ́ kí a máa já òun gbà lẹ́nu ẹni. Kì í ṣe èmi ló ṣẹlẹ̀ sí. Ọdẹjìmí, ọdẹ àgbà ìlú Apáta-Ọ̀ọ̀nì, ló ṣẹlẹ̀ sí, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ ọ́ fún àwa tí a ń pé jọ sábẹ́ àtíbàbà rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ó bá ti ń sọ ọ́, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ á jókòó tì í, á máa bó ẹ̀gúsí, á sì máa bá a gé ibi tí irọ́ bá ti gùn jù. Èyí tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí ni èyí tí Àwẹ̀ró gé tán.

Ọdẹjìmí ní ajá kan tí ń jẹ́ Kòṣeémánìí. Etí rẹ̀ kan dúró, èkejì sùn, imú rẹ̀ sì lè gbóòórùn ẹtu láti òdìkejì odò. Ọdẹjìmí a máa ní, "Ẹ̀yin ará, bí mo bá yìnbọn, kí ọta tó dé ibẹ̀, ajá mi á ti lọ di ẹran náà mú kí ó má baà yẹra."

Àwẹ̀ró á ní, "Ìdajì ẹran náà kì í sì í délé."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nídìí ajá yìí tí ọdẹ kì í sọ ní gbangba. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Bí ó bá wo inú igbó, ewé àti ẹranko á dàpọ̀ mọ́ra wọn bí ọbẹ̀ tí a rò. Kòṣeémánìí ló ń ríran fún un. Ibi tí ajá bá na imú sí, ibẹ̀ ni ọdẹ ń kọjú ìbọn sí. Ọdẹ tí ojú rẹ̀ kò ríran, tí kò sì ní ajá, kí ni à ń pè é? Bàbá arúgbó tó gbé irin dání ni. Nítorí náà, nígbà tí mo bá sọ fún yín pé ajá sọnù, ẹ má ṣe rò pé ajá nìkan ló sọnù.

Ẹtu kan ló fa wàhálà náà. Ó sá wọ Igbó Ìdákẹ́, igbó tí ẹyẹ kì í ti ké àfi bí ó bá tọrọ àyè. Kòṣeémánìí gbá tẹ̀ lé e. Ọdẹjìmí fun fèrè, ó fun ún títí ètè rẹ̀ fi wú, ṣùgbọ́n ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ó bá ki ẹsẹ̀ bọ inú igbó náà lẹ́yìn ajá rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi kan ìwin kan tí ó jókòó sáàárín ọ̀nà gbàgàdà.

Ẹnugbẹ ni orúkọ ìwin náà. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà àká, ètè rẹ̀ sán bí ògiri ilé àkọ́tì, ahọ́n rẹ̀ gbẹ bí pánla. Ó fi ìka méjì gbé Kòṣeémánìí sókè ní awọ ọrùn, bí ẹni gbé eku.

Ó ní, "Ta ló ni ajá?"

Ọdẹ ní, "Èmi Ọdẹjìmí ni mo ni ín, ọmọ ọdẹ, ọmọ-ọmọ ọdẹ, ẹni tí ẹfọ̀n rí tí ẹfọ̀n dọ̀bálẹ̀, ẹni tí ìnàkí rí..."

"Mi ò bi ọ́ ní oríkì. Ajá ni mo bi ọ́."

"Tèmi ni."

"Ó dára. Èmi yóò sè é." Ìwin nawọ́ sí ìkòkò kan tí ó jókòó sórí ààrò lẹ́bàá rẹ̀. Ìkòkò náà tóbi débi pé erin lè wẹ̀ nínú rẹ̀ kí ó sì yí padà. Iná ń jó lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ tutù síbẹ̀, nítorí ìkòkò ìwin kì í tètè hó.

Ọdẹjìmí wólẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ títí. Ẹnugbẹ fọwọ́ họ ètè rẹ̀, ó ní, "Ohun kan wà tí o lè fi ra ajá yìí padà. Nígbà kan, arìnrìn-àjò kan gba ibí kọjá. Gbogbo ènìyàn ló ń sá bí wọ́n bá rí mi, àbí kí wọ́n ta mí lọ́fà. Òun kò sá. Ó jókòó, ó fún mi ní nǹkan kan jẹ, a sì jọ sọ̀rọ̀ títí nǹkan náà fi tán lẹ́nu wa. Láti ọjọ́ tí ó ti lọ, ẹnu mi kò tutù mọ́. Mi ò mọ orúkọ nǹkan náà. Ohun tí mo mọ̀ nìyí: ọ̀kan tútù, ìkejì funfun, ìkẹta le bí egungun. Kò sí pupa nínú wọn. Wọ́n wọ ilé kan, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọn yóò jáde, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n bá jáde. Kí ni?"

Ọdẹ kò tilẹ̀ rò ó. Ó ní, "Orogún mẹ́ta ni!"

"Ṣé orogún ṣe é jẹ ni?"

Ọdẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

Ìwin ní, "Lọ wá a wá. Bí omi yìí bá hó kí o tó dé, má wulẹ̀ padà wá mọ́, àfi bí o bá fẹ́ jẹ ẹsẹ̀ kan níbẹ̀."

Báyìí ni Ọdẹjìmí ṣe bọ́ sọ́nà láìní ajá, tí ó ń fi ìdí ìbọn tọ́ ilẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Ẹ má bi mí bí ọ̀nà náà ti jìnnà tó. Ẹsẹ̀ ló fi rìn ín.

Ìlú àkọ́kọ́ tí ó já sí ni ìlú Ẹnu-Kan. Gbogbo ará ìlú náà, ẹnu kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Inú igbá ni wọ́n ń gbé e sí ní gbàgede ọjà. Ẹni tí ebi bá ń pa, á lọ gbé e, á fi sójú, á jẹun, á dá a padà. Obìnrin tí ó bá fẹ́ bú ọkọ rẹ̀ á dúró kí ẹni tí ń jẹun jẹ tán, nígbà tí yóò sì fi kàn án, inú á ti rọ̀. Ọdẹjìmí bá wọn níbẹ̀, ó pa àlọ́ ìwin fún wọn, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun.

Bàbá àgbà kan gbé ẹnu náà, ó fi sójú, ó ní, "Ọdẹ, mo mọ ìlú tí nǹkan yẹn wà. Ibẹ̀ ni ìlú tí..."

Ìyá kan yọ ẹnu náà lójú rẹ̀, ó lọ fi jẹ ẹ̀kọ fún ọmọ rẹ̀. Ọdẹ jókòó, ó ń dúró. Nígbà tí ẹnu náà padà dé, àkàrà wà nínú rẹ̀. Bàbá náà rún àkàrà náà mì, ó ní, "...òjò kì í ti dá rárá. Bí o bá débẹ̀..."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan já a gbà, nítorí ó ti pẹ́ tí ó ti ń fẹ́ fi kọrin fún ọmọge kan, ọmọge náà sì ti fẹ́ máa lọ. Ó kọrin, ó kọ ègbè, ó tún ti orí bẹ̀rẹ̀. Ọdẹjìmí fẹ́rẹ̀ẹ́ sọkún. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, bàbá rí ẹnu gbà padà, ó fi kánjúkánjú wí pé, "Ètè gbogbo wọn pupa, kò sì sí ẹni tó lù wọ́n!"

Bí ọdẹ ti fẹ́ dúpẹ́, ó rí i pé gbogbo ìlú ti yí òun ká, tí wọ́n ń wo ẹnu òun bí ẹni tí ń wo ilé òfìfo. Ó mọ̀ pé wọ́n ti rí ẹnu kejì. Ó ki eré mọ́lẹ̀.

Àwẹ̀ró kì í jẹ́ kí ibí yìí kọjá. Á ní, "Ìbá kúkú fi sílẹ̀ fún wọn."

Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú ni ó tó mọ̀ pé òun ti wọ ilẹ̀ tí bàbá náà wí, ilẹ̀ àwọn Kási. Òkè ni gbogbo ibẹ̀, kùrukùru sì jókòó sórí àwọn òkè náà bí gèlè. Òjò ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí ń rọ̀ tí ń sinmi. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ènìyàn ń kó koríko ṣíṣùpọ̀ lé òrùlé wọn, kí wọ́n baà lè gbọ́ ohun tí ara wọn ń sọ nínú ilé. Ọdẹjìmí tẹ orí ba, ó ń rìn, ó ń wo ilẹ̀ nítorí ilẹ̀ nìkan ló lè rí dáadáa. Níbẹ̀ ni ó ti rí i, lórí òkúta kan lábẹ́ igi ńlá: ẹ̀jẹ̀.

Inú rẹ̀ dùn. Ó ti pẹ́ tí òun nìkan ti tọ ipasẹ̀ ẹran. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó fọwọ́ kàn án, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá: "Ẹran ńlá ni. Ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ti yìn ín, ẹ̀jẹ̀ yìí ń hó fúkẹ́fúkẹ́. Kò sáré, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Ó ti dàgbà." Ẹ̀jẹ̀ tún wà níwájú, òmíràn tún wà níwájú ìyẹn. Ó ń tọ̀ ọ́ títí ó fi kan afárá kan lórí odò. Gbòǹgbò igi ọ̀dán tútù ni wọ́n fi ṣe é, gbòǹgbò tí ó na ara rẹ̀ láti bèbè kan dé èkejì, tí wọ́n ti ń tọ́ láti ayé baba ńlá wọn bí ẹni tọ́ ọmọ, tí ó sì ń dàgbà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ni àlejò ní, kò fi ríran. Lójú tirẹ̀, ejò ni wọ́n so pọ̀. Ó dúró, ó pe ọfọ̀ lé afárá náà lórí, èyí tí bàbá rẹ̀ fi lé oká. Afárá kò mira. Ó pe èyí tó gbóná jù. Afárá dúró jẹ́ẹ́. Ó wá fi ìdí wọ́ kọjá lórí rẹ̀, ojú dídì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹran rẹ̀ tò lọ ní àárín afárá náà bí ẹni pé ẹran náà kò tilẹ̀ bẹ̀rù.

Ní òdìkejì, ó rí i. Ìjàpá ni, ó ga tó ọmọ ọdún méje, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń rìn gìẹ̀gìẹ̀ nínú òjò. Ọdẹjìmí gbé ìbọn sí èjìká. Ìjàpá náà dúró, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tu ẹ̀jẹ̀ tọ́ọ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Sọ nǹkan yẹn kalẹ̀, Bah. Bí o bá pa mí, ta ni yóò fún ọ ní kúwáì?"

Ọdẹ ní, "Ìjàpá, o ń sọ̀rọ̀!"

"Ìjàpá wo nínú òjò yìí?"

Ó ṣí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò lórí. Ìyá arúgbó ni. Ohun tí ó dà bí igbá ìjàpá jẹ́ ọparun àti ewé tí wọ́n hun, tí wọ́n fi ń bo orí àti ẹ̀yìn nínú òjò kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè ṣiṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni Lasubọn. Kọ́ng ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá ju ni lọ níbẹ̀, Bah, bí ẹni wí pé ẹ̀gbọ́n, ni wọ́n sì fi ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin. Bí ọdẹ ṣe gbọ́ èdè wọn, ẹ má bi mí. Nínú irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, etí máa ń yá ju ẹsẹ̀ lọ.

Ọdẹjìmí ní, "Kọ́ng, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ lẹ́nu yín. Ta ló lù yín?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Ètè rẹ̀ pupa, eyín rẹ̀ pupa. Ó mú ọdẹ lọ sílé, ó fi àpótí fún un. Kò fún un lómi, kò bi í ní orúkọ, kò bi í ní ibi tó ti wá. Ó kọ́kọ́ ká ewé kékeré kan, ó fi lé e lọ́wọ́, ó ní kí ó jẹ. Bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Ìbáà jẹ́ ọba ló wọlé, ìbáà jẹ́ alágbe, kúwáì kan náà ni wọ́n ń fún un, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọdẹjìmí sọ ọ́ sẹ́nu, ó rún un. Ní kíá, etí rẹ̀ gbóná. Òógùn bò ó nínú òtútù. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òkòtó.

Ó ké pé, "Májèlé! Wọ́n ti rí mi mú! Èmi tí ẹfọ̀n dọ̀bálẹ̀ fún!" Ó ki ọwọ́ bọ inú àpò, ó da ẹ̀rọ̀ májèlé mẹ́rin sẹ́nu pọ̀ mọ́ ọn, ó ń rún gbogbo rẹ̀ lọ.

Lasubọn ní, "Jókòó, Bah. Kò pa ọ́. Ó ń kí ọ ni."

Nígbà tí ó ṣe, ilé dúró. Ooru kan rọra rìn láti ọ̀fun ọdẹ dé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, òtútù òjò sì fi í sílẹ̀. Ó tutọ́. Itọ́ náà pupa bí osùn. Ó wò ó, ó tún un wò, ó fò sókè.

"Tútù ni ewé! Kí ló funfun nínú rẹ̀, Kọ́ng? Kí ló le?"

"Ẹfun ló funfun. Èso ló le."

Ọdẹjìmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sọ ọ̀rọ̀ Kòṣeémánìí, ó sọ ti ìkòkò. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ní Apáta-Ọ̀ọ̀nì, ó sọ ọ́ fún un pẹ̀lú: pé ajá náà ni ojú òun. Lasubọn di ọwọ́ ọdẹ mú.

Ó ní, "Ọwọ́ náà ń ríran. Wá, kí n kọ́ ọ bí a ti ń ṣe é, kí o lè ká a fún ìwin náà fúnra rẹ. Kúwáì tí a kò ká fún ni lójú ẹni, ẹnu lásán ni a fi jẹ ẹ́."

Ẹ̀yin ará, ibí yìí ni Ọdẹjìmí máa ń fẹ́ràn jù, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ti ń ṣe é. Ewé náà jọ ewé iyèré, ìtàkùn ni, ó ń gun igi inú igbó. Orí àkàbà olópòó kan, ọparun kan ṣoṣo, ni àwọn tí ń já a ń dúró sí. Lasubọn fi ewé mẹ́ta lé ọdẹ lọ́wọ́, ó ní kí ó fi ìka wò wọ́n. Èyí tó rọ̀ jù, kò tíì gbó. Èyí tó le bí awọ, ó ti kọjá. Èyí tí ń dún kẹ́ bí a bá ká a ni ewé. A ó já ọrùn rẹ̀ dànù, a ó nu omi òjò kúrò lójú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Èso náà ń so lórí ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ga fíofío. A ó bó èèpo rẹ̀ tó ní irun, a ó là á sí mẹ́rin.

Ẹfun ló ya ọdẹ lẹ́nu. Òkúta ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń sun ún nínú ihò iná lára òkè, iná tí kì í kú, títí òkúta náà fi funfun tí ó sì fúyẹ́. Lasubọn gbé ọ̀kan sínú àwo, ó ní kí ọdẹ na àtẹ́lẹwọ́ sókè rẹ̀, kí ó má fọwọ́ kàn án. Ó kán omi sí i. Òkúta náà hó ṣìnnn, ó wú, ó fọ́, ó di lẹ́bú, ooru rẹ̀ sì lu ọwọ́ ọdẹ bí ẹni pé iná wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọdẹ ní, "Iná dà?"

"Iná ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sun ún. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Bí ó bá ti rí omi, kò ní í lè pa á mọ́ra."

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń pò ó pọ̀ bí ọ̀dà, wọn á sì fi ìka kan kun ún fín-ín-fín sójú ewé. Ọdẹjìmí kọ́kọ́ bu tirẹ̀ bí ẹni bu ẹ̀bà.

Lasubọn ní, "Bah, ṣé o fẹ́ kun ilé ni?"

Ó ní, "Ọ̀pọ̀ oògùn kì í tẹ́ ni." Ó sì jẹ ẹ́. Ẹnu rẹ̀ bó, kò lè sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Àwẹ̀ró ní ọjọ́ yẹn nìkan ni òun ń ṣàárò rẹ̀ nínú gbogbo ìrìn-àjò náà.

Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó bi Lasubọn pé ta ló ni ilé dáradára yìí.

"Ọmọ mi obìnrin ló ni ín, èyí tó kéré jù."

"Àkọ́bí yín ọkùnrin ńkọ́?"

"Ó ti lọ gbé ilé ìyàwó rẹ̀."

"Ilé ta?"

"Ilé ìyàwó rẹ̀, Bah."

Ọdẹjìmí wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kí wọ́n tún fún òun ní kúwáì kan. Àwẹ̀ró máa ń sọ pé kí ó tún ibẹ̀ sọ.

Ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ká láìfojú wò ó, Lasubọn ká ìdì kan fún un, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì í, ó ní, "Èyí ni kí o fi kọ́kọ́ kí ìwin náà. Gba ẹ̀yìn omi tó ń já láti orí òkè yẹn. Ọ̀nà àbùjá ni. Kò jìnnà, kúwáì kan ni."

Ìbéèrè kì í jẹ́ kí ẹni ṣìnà, ṣùgbọ́n ọdẹ tí ẹfọ̀n dọ̀bálẹ̀ fún kì í béèrè. Ohun tí ìyá náà sọ kò ju pé bí ènìyàn bá sọ kúwáì kan sẹ́nu lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí ó ń rún un bọ̀ lọ́nà, yóò ti dé kí ó tó tán. Bí wọ́n ti ń wọn ọ̀nà níbẹ̀ nìyẹn. Ọdẹjìmí gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wí nínú ara rẹ̀ pé, "Kánàkò ni! Oògùn tí ń sún ọ̀nà kì! Abájọ tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́."

Nígbà tí ó dé ẹ̀yìn omi, tí ojú kò tó o mọ́, ó dúró ṣinṣin, ó sọ kúwáì kan sẹ́nu, ó di ojú, ó ń dúró kí ọ̀nà gbé òun. Omi ń dà lé e lórí. Ó rún un kíákíá, ó tu ú, ó la ojú. Ibi tó wà ló wà. Ó ní ó jọ pé ẹyọ kan kéré fún ọkùnrin tó sanra bíi tòun. Ó sọ méjì sẹ́nu. Ó pe ọfọ̀ sí i. Ó fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ó yíjú sí ìlà-oòrùn. Ẹ máa rántí pé ẹni tó ń lo oògùn tí kò jẹ́, kì í sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n lò. Á kàn máa fi kún un ni. Ìgbà tí etí rẹ̀ gbóná bí ààrò, tí òkè ń yí, ọwọ́ rẹ̀ kan ìsàlẹ̀ ìdì náà. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Ó jẹ ìyẹn náà.

Ìgbà náà ni ó gbọ́ Kòṣeémánìí. Igbe ajá náà wá láti ọ̀nà jíjìn, ó tín-ín-rín, irú èyí tí ajá ń ké bí omi gbígbóná bá ta sí i. Ọdẹ gbàgbé kánàkò. Ó sáré. Kí kúwáì ìkẹyìn tó tán lẹ́nu rẹ̀, ó ti dúró níwájú Ẹnugbẹ. Kúwáì kan náà ni lóòótọ́.

Omi ìkòkò ti ń kọrin. Ìwin gbé ajá dání lókè rẹ̀.

"Níbo ló wà?"

Ọdẹjìmí na ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ òfìfo sí i.

"Ya ẹnu." Ọdẹ ya ẹnu. Pupa. Ẹnugbẹ wò ó, omijé sì lé ròrò sí i lójú. "O jẹ ẹ́? Tèmi ni o jẹ?"

"Mo... mo fi wọn ọ̀nà ni."

"Ó dára. Èmi yóò jẹ tìrẹ."

Ọdẹ ṣubú lulẹ̀ lẹ́bàá ààrò, ó ń fọwọ́ wá ẹsẹ̀ ìwin láti dì mọ́. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà kì í ṣe ẹsẹ̀. Èèrún òkúta ni, ó já bọ́ lára ààrò. Ó fúyẹ́. Ó ní lẹ́bú. Ọwọ́ ń ríran: ọ̀kan náà ni pẹ̀lú èyí tí Lasubọn kán omi sí. Iná tí kì í kú ti ń jó lára òkúta ààrò yìí láti ọjọ́ tí ọdẹ ti lọ.

Ó bọ́ gbérí ọdẹ rẹ̀ tí omi òkè ti rin gbingbin, ó fún un sórí ààrò náà látòkè délẹ̀.

Òkúta hó ṣìnnn. Ó wú. Ó là gbàá! Ààrò kan fọ́, èkejì fọ́, ìkòkò erin sì fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó dà sílẹ̀ yàà. Iná kú. Omi gbígbóná gbá Ẹnugbẹ lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, ó sì sọ ajá nù, ó ń fi ẹsẹ̀ kan jó yí ara rẹ̀ ká, ó ń ké pe ìyá rẹ̀.

Kòṣeémánìí bọ́ sí ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú wọn. Ọdẹjìmí ti yí ẹsẹ̀ padà láti sá, ṣùgbọ́n ajá kò tẹ̀ lé e. Ó gbóòórùn ẹnu ọ̀gá rẹ̀, ó gbé imú sókè, ó dúró gbagidi, ó na imú sí igi tí Ẹnugbẹ ń fẹ̀yìn tì. Ibi tí ajá bá na imú sí, ọdẹ kì í jiyàn. Ó na ọwọ́ sókè, ọwọ́ rẹ̀ kan ewé. Ó ká a: kẹ́. Ìtàkùn náà ti gun igi ìwin dé òkè. Ó gbé ẹsẹ̀, ó tẹ èso. Ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn igi náà, èso rẹ̀ ti ń jábọ́ lé ìwin lórí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ìwin sì ń sọ ọ́ nù. Ẹfun sì rèé nílẹ̀ tí ń hó. Òwe tó bá ibẹ̀ mu, ẹ ti mọ̀ ọ́n, n kò ní í pa á.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọdẹjìmí jókòó. Ó já ọrùn ewé, ó nù ún. Ó dúró kí ẹfun tutù, ó pò ó, ó fi ìka kan kun ún fín-ín-fín sójú ewé. Ó la èso sí mẹ́rin. Ó ká a, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà, Bah."

Kò sí ẹni tó pe Ẹnugbẹ ní ẹ̀gbọ́n rí. Ó gbà á tìtìjú-tìtìjú, ó sọ ọ́ sẹ́nu ńlá yẹn, ó rún un. Òógùn bò ó. Igbó Ìdákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú rẹ̀, ó di ajá mú kí ó má baà ṣubú, ajá sì lá a lójú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dun ìwin, wọ́n sọ̀rọ̀ ojú tó ń ṣe bàìbàì. Nígbà tí ó tán lẹ́nu wọn, Ẹnugbẹ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ajá lé ọdẹ lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, Kòṣeémánìí àti Ọdẹjìmí ti jọ pa ẹran tí kò lóǹkà. Àwẹ̀ró ní mẹ́fà ni. Ẹnugbẹ kò pa ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà Igbó Ìdákẹ́ ti burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, bí o bá lẹ́sẹ̀ eré, o lè kọjá. Nísinsìnyí, ìwin náà á nawọ́ sí ọ láti ọ̀nà jíjìn, á fi àpótí fún ọ, á ká tìrẹ, á ká tirẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Àwọn tó jáde nílé láti lọ nájà ní òwúrọ̀, ọjọ́ kejì ni wọ́n ń dé, ètè wọn á pupa, ọjà á sì ti tú.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ náà dé nìyí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, ọ̀nà náà wà níbẹ̀. Kí ó gbà á lọ, kí ó sì wí fún Ẹnugbẹ pé ó ń kánjú.